Ilé Àwòṣífìlà Tí Iṣẹ́ Dúró Lórí Rẹ̀: Kí Ni Kí Òṣìṣẹ́ Bèèrè Kí Ó Tó Sanwó?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé gbogbogbòò, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó dìbò lórí owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn tí iṣẹ́ alẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè wá.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti ibi iṣẹ́ bọ́ síbí tààrà, kò tíì fi omi bọ́jú. Ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá, ọ̀rọ̀ owó kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́sùn.

Ìgbìmọ̀ ní kí n ṣàlàyé ìwé kan tí ó wọlé sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. Àwọn tí ó ni ilé àwòṣífìlà kan ní Èkó yìí ni wọ́n kọ ìwé náà. Ẹ̀yin awakọ̀ ń kọjá níwájú ilé náà lójoojúmọ́. Egungun rẹ̀ ti dìde, ṣùgbọ́n kò ní fèrèsé, kò ní ìlẹ̀kùn, kírénì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì yí mọ́. Wọ́n ní bí ẹgbẹ́ wa bá san owó àsansílẹ̀ nísinsìnyí, àwọn yóò fún wa ní ṣọ́ọ̀bù ní ìsàlẹ̀ àti fúláàtì lókè ní owó pọ́ọ́kú nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Wọ́n ní irú owó wa yìí ni yóò jẹ́ kí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì parí, a kò sì wá síbí láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí irú owó tí à ń sọ. Kì í ṣe owó tí ó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Owó tí à ń yọ nínú owó oṣù wa ni. Òun ni à ń yá ara wa nígbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé-ìwé, òun ni awakọ̀ fi ń ra táyà, òun ni a fi ń dúró ti ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀. Bí ó bá wọ inú ilé tí kò parí, a kò ní ibòmíràn tí a ó ti bù ú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé àwòṣífìlà yóò parí, ẹ má kọ́kọ́ wo àwòrán mèremère tí wọ́n yà sínú ìwé. Ẹ lọ bi bíríkìlà léèrè bóyá wọ́n ti san owó rẹ̀. Gbèsè òṣìṣẹ́ ni àìsàn ilé kọ́kọ́ máa ń fi hàn, kí ó tó dé etí báńkì, kí ó tó dé ojú ìwé ìròyìn. Ẹni tí kò bá tíì san owó ẹni tí ó da kọnkéré fún un, kí ni yóò fi fún wa ní ṣọ́ọ̀bù?

BÍ WỌ́N ṢE Ń RÍ OWÓ KỌ́ IRÚ ILÉ BẸ́Ẹ̀

Èrò ilé alápapọ̀ kò burú. Ṣọ́ọ̀bù á wà ní ìsàlẹ̀, ọ́fíìsì á wà ní àárín, fúláàtì tàbí hòtẹ́ẹ̀lì á wà lókè. Ilẹ̀ Èkó kéré, èrò inú rẹ̀ pọ̀, omi sì yí apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ká. Bí ilé kò bá lè fẹ̀, ó di dandan kí ó ga. Àwa náà ń jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ń lọ sókè, awakọ̀ típà ń rí iṣẹ́, awakọ̀ tírélà ń rí ẹrù gbé, àwọn tí ń ṣe ọ̀dà, wáyà iná àti páìpù ní ilé-iṣẹ́ wọn ń rí àfikún wákàtí ṣe. Nígbà tí ó bá dúró, àfikún wákàtí náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀tá ilé gíga ni mí. Kí ilé náà parí ni ìfẹ́ wa.

Kò sì ṣe àìṣeéṣe. Ẹ wo Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Alájà 26 ni, ní ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i. Owó kòkó tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ti pa ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà fi kọ́ ọ. Iná jó o ní ọdún 1985, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún ṣí i ní ọdún 1992. Ó ń bẹ níbẹ̀ títí di òní. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí mo wí: owó tí a ti pa. Kì í ṣe owó tí a ń retí.

Ọ̀pọ̀ ilé àwòṣífìlà òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó wọn ń gbà wọlé. Èkíní ni owó tí ẹni tí ó ni ilé mú jáde nínú àpò ara rẹ̀, èyí kì í sábà pọ̀. Èkejì ni owó tí ó yá ní báńkì. Ẹ̀kẹta ni owó àsansílẹ̀ àwọn tí ó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù àti fúláàtì tí wọn kò tíì kọ́. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan bá yẹ̀ nínú mẹ́ta, ọbẹ̀ di ti ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ilé tiyín, ẹ mọ bí a ti ń ṣe. A ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, a dúró, a tún tẹ̀síwájú. Bí owó bá tán, a fi páànù bo yàrá méjì, a kó wọlé, a sì ń kọ́ ìyókù lọ. Ilé àwòṣífìlà kò gba irú èyí. Kò sí ẹni tí ó lè gbé àjà 18 láìsí lífìtì, láìsí ẹ̀rọ tí yóò fa omi gòkè, láìsí ọ̀nà tí èèyàn yóò gbà sá bí iná bá sẹ́. Nítorí náà ilé náà kì í mú kọ́bọ̀ wọlé títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó parí. Ṣùgbọ́n èlé owó báńkì ń ká lọ ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Èlé kì í sùn, èlé kì í sinmi ọjọ́ ọdún. Bí iṣẹ́ bá dúró fún ọdún kan, gbèsè kò bá a dúró.

KÍ NI Ó Ń DÁ IṢẸ́ DÚRÓ?

Lọ́nà kìíní, ọ̀wọ́n dọ́là. Sìmẹ́ńtì àti yanrìn wà nílé, ṣùgbọ́n lífìtì, gíláàsì ńláńlá, àlúmíníọ̀mù àti jẹnẹrétọ̀ ńlá, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá. Kí ó tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ní báńkì kò ju nǹkan bíi ₦470 lọ. Nígbà tí ó fi di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ báyìí. Ká sọ pé lífìtì kan jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là, ìyẹn 100,000. Ẹni tí ó ya mílíọ̀nù 47 náírà sọ́tọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ wá rí i pé mílíọ̀nù 150 ni wọ́n ń béèrè. Ilé gíga kò sì ń lo lífìtì kan ṣoṣo. Sìmẹ́ńtì tiwa-n-tiwa pàápàá kò dúró sí ojú kan. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 náà ni àpò kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi.

Lọ́nà kejì, èlé báńkì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ìdá 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni òṣùwọ̀n èlé tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó ti di ìdá 27.5. Báńkì tí ń yá oníbàárà lówó a sì máa lé e sí i. Ẹni tí ó ṣe ìṣirò ilé rẹ̀ pẹ̀lú èlé àtijọ́, èlé tuntun yóò jẹ ilé náà tán kí ó tó kan òrùlé.

Lọ́nà kẹta, ìjà lórí ìwé. Èyí ni àwọn ènìyàn kì í sábà rò, nítorí ìwé kò wúwo bí irin. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí gbogbo yín mọ̀. Sẹkitéríàtì Ìjọba Àpapọ̀ àtijọ́ ní Ìkòyí, àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, wọ́n gbé olú ìlú kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń kó jáde nínú rẹ̀ títí ó fi ṣófo. Ní ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ta ilé náà fún ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Resort International, ní bílíọ̀nù 7 náírà. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di fúláàtì olówó ńlá 480. Ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bá ní kí iṣẹ́ dúró. Wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ lè jẹ́ olùtajà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ ìkọ́lé wà. Ní ọdún 2003, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ pé ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí ètò ìlú àti ilé kíkọ́. Ẹni tí ó rà á ní àwọn ti sanwó. Ìjọba méjì ń fa ọ̀rọ̀, ẹni kẹta ń ka owó rẹ̀, ọdún sì ń gorí ọdún. Ó ju ọdún 15 lọ lẹ́yìn títà náà tí ilé ńlá yẹn ṣì ṣófo, tí ògiri rẹ̀ ń dúdú, nínú ìlú tí èèyàn ń wá yàrá kan kiri.

Ẹ wò ó dáadáa. Ní ti Sẹkitéríàtì yìí, kì í ṣe pé sìmẹ́ńtì tán. Kì í ṣe pé òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ti wà ní ìdúró kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé ni ó dá a dúró. Nítorí náà nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé owó díẹ̀ péré ni ó kù kí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ẹ bi í pé: owó nìkan ni, àbí ó ní ìwé kan tí kò pé?

TA NI Ń SAN GBÈSÈ NÁÀ?

Nígbà tí iṣẹ́ bá dúró, ẹni tí ó ni ilé ní lọ́yà. Báńkì ní ilẹ̀ tí ó gbà dúró. Kọngílá ńlá ní ìwé àdéhùn, ó lè gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi tẹ̀lé àtẹ̀gùn náà sọ̀ kalẹ̀. Kọngílá ńlá gbé iṣẹ́ fún kọngílá kékeré. Kọngílá kékeré gbé e fún fọ́máànù. Fọ́máànù lọ sí oríta ní àárọ̀ kùtùkùtù, ó mú lébírà 20. Lébírà wọ̀nyí kò ní ìwé kankan. Fọ́máànù kò mọ̀ ju orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n lọ. Bí owó bá dúró lókè, olúkúlùkù á sọ fún ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pé, "Wọn kò tíì san tèmi." Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún, àfi ìyàwó rẹ̀.

Mo rí i ṣojú mi. Típà ni mò ń wà kí n tó wá sí ilé-iṣẹ́ tí mo wà yìí. Mo gbé yanrìn fún ibi ìkọ́lé kan. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń sanwó. Ní oṣù kẹrin wọ́n ní ó di ìparí oṣù. Nígbà tí ìparí oṣù dé, wọ́n ní ká gba ìlàjì. Lẹ́yìn náà wọ́n ń kọ iye ìrìn wa sínú ìwé pélébé, wọ́n ní ká fi pamọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a dé ẹnu ọ̀nà, a bá àgádágodo. Fọ́máànù fúnra rẹ̀ dúró síta pẹ̀lú wa. Ìyá tí ń se ìrẹsì fún wa náà dé pẹ̀lú ìwé gbèsè tirẹ̀, nítorí àwìn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń jẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìkẹyìn. Ní gbogbo àkókò yẹn, pátákó àwòrán ilé náà ṣì wà lójú títì, ó ń sọ fún àwọn tí ń kọjá pé kí wọ́n tètè wá sanwó, nítorí ààyè kò pọ̀ mọ́. Àwọn tí ó sanwó ní oṣù yẹn kò mọ ohun tí àwa awakọ̀ típà ti mọ̀ láti oṣù kan sẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé òṣìṣẹ́ ni kí ẹ bi. Ọjọ́ ìsanwó tí ó ń sún síwájú ni àmì àkọ́kọ́. Ìlàjì owó ni àmì kejì. Ìwé pélébé ni àmì kẹta. Ó ku àgádágodo.

ILÉ TÍ Ó DÚRÓ KÌ Í DÚRÓ LÁSÁN

Nǹkan mìíràn wà tí ẹ̀yin tí ń fi irin ṣiṣẹ́ yóò tètè yé. Irin tí ó yọ orí síta lórí òpó tí wọn kò tíì parí, òjò ń pa á, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti inú òkun àti ọ̀sà ń fẹ́ sí i. Ó ń dógùn-ún. Ìpẹtà irin sì máa ń wú ju irin tí ó ti ara rẹ̀ jáde lọ. Bí ó bá wú nínú kọnkéré, á tì í láti inú, kọnkéré á sán, omi á tún rí ọ̀nà wọlé sí i. Omi òjò á dúró sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, yóò máa jẹ ìpìlẹ̀. Nítorí náà ilé tí iṣẹ́ dúró lórí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún kì í ṣe ilé kan náà mọ́. A kò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a dé dúró bí ẹni tí ó jí lójú oorun. A ní láti yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Mo fẹ́ kí ẹ rántí òpópónà Gerrard ní Ìkòyí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ wó lulẹ̀. Ó lé ní 40 ènìyàn tí ó kú. Ẹni tí ó ni ilé náà kú síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́ oòjọ́ ni wọ́n pọ̀ nínú wọn. Ènìyàn 15 ni wọ́n yọ láàyè. Ní ọdún 2020, àwọn ẹnjiníà kan tí wọ́n gbà láti máa gbani nímọ̀ràn lórí rẹ̀ ti kọ̀wé pé àwọn yọwọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba ti ti ibi iṣẹ́ náà pa nítorí ohun tí wọ́n rí nígbà àyẹ̀wò. Iṣẹ́ ṣì tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó wó tán, ọ̀gá kan nínú ìjọba ní àjà 15 ni àṣẹ tí wọ́n fún wọn, ọ̀gá mìíràn ní àjà 21 ni. Lébírà tí ó gbé àwo kọnkéré sórí ní ọjọ́ yẹn kò lè mọ̀ pé ẹnjiníà ti kọ̀wé yọwọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí wọ́n kàn sọ fún wa pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n rí nígbà tí ó dúró? Ta ni ó yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀?

Òfin kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀, òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó farapa, ti ọdún 2010. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ tí ó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò kan tí àjọ NSITF ń bójú tó. Bí òṣìṣẹ́ bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí ó kú, inú àpò yẹn ni òun tàbí ẹbí rẹ̀ yóò ti gba owó. Ṣùgbọ́n bí orúkọ rẹ kò bá sí nínú ìwé ibi kankan, báwo ni ẹbí rẹ yóò ṣe fi hàn pé ibẹ̀ ni o ti ń ṣiṣẹ́?

Kì í ṣe Èkó nìkan ni ilé ti ń dúró láìparí. Ní ìlú Caracas, olú ìlú Venezuela ní Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé alájà 45 kan ní ọdún 1990, tí ó yẹ kí ó ní ọ́fíìsì, hòtẹ́ẹ̀lì àti fúláàtì nínú. David Brillembourg ni olówó tí ó wà nídìí rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1993. Ní ọdún 1994, àwọn báńkì ìlú náà dojú dé, iṣẹ́ dúró, kò sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2007, àwọn tí kò rílé gbé wọ inú rẹ̀, wọ́n ń gbé ibẹ̀ títí dé àjà 28. Lífìtì kò sí. Àwọn ọlọ́kadà ni wọ́n ń gbé èrò gba inú ilé ìgbọ́kọ̀sí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dé àjà 10. Láti ibẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ni, pẹ̀lú gáàsì àti ọmọ lẹ́yìn. Ní ọdún 2014 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Owó àwọn olówó ni ó dúró, àìní ilé gbígbé kò bá a dúró.

OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ Ń DÁ LÁBÀÁ

Ní ti ìwé tí ó wà níwájú wa, a kò ní kí a ju ú nù, a kò sì ní kí a sáré sanwó. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ohun márùn-ún ni a fẹ́ kí ẹgbẹ́ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Èkíní: kí wọ́n san gbèsè àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ilé náà tẹ́lẹ̀, láti orí ẹnjiníà dé orí lébírà àti awakọ̀ típà. Kí wọ́n fi ìwé hàn wá pé wọ́n ti san án, kí àwọn òṣìṣẹ́ náà sì jẹ́rìí sí i. Bí a bá gba ṣọ́ọ̀bù tí a fi owó ọ̀yà ẹlòmíràn kọ́, kí ni a ó máa pe ara wa ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sí?

Èkejì: kí wọ́n fi ìwé ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí hàn wá, ìyẹn C of O, àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé tí iye àjà hàn gbangba nínú rẹ̀. Àwa fúnra wa ni yóò rán ènìyàn pẹ̀lú lọ́yà wa lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti yẹ̀ ẹ́ wò. A kò ní gba ẹ̀dà tí wọ́n bá kàn nà sí wa.

Ẹ̀kẹta: kí ẹnjiníà tí kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ wọn yẹ òpó, irin àti ìpìlẹ̀ wò, kí wọ́n gbé kọnkéré rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé ti ìjọba, kí èsì náà sì dé ọwọ́ wa.

Ẹ̀kẹrin: kí owó wa má ṣe bọ́ sí àpò ẹni tí ó ni ilé. Kí ó wà ní báńkì ní àkọọ́lẹ̀ ọ̀tọ̀, tí a kò lè yọ nínú rẹ̀ láìsí ìfọwọ́sí tiwa. Bí àjà kan bá parí, a ó sanwó àjà náà. Kí wọ́n kọ ọjọ́ ìparí sínú àdéhùn, bí ọjọ́ náà bá kọjá, kí owó wa padà sọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀karùn-ún: kí orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà wà nínú ìwé, títí kan lébírà ojúmọ́, kí wọ́n sì san owó NSITF lórí wọn.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe gbogbo márààrún, ìgbìmọ̀ kò ní fọwọ́ sí i kí a fi ju ìdá mẹ́wàá owó tí ó wà nílẹ̀ síbẹ̀. A kì í kó gbogbo ẹyin sínú agbọ̀n tí ẹlòmíràn rù.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lẹ́yìn. Wọ́n ní bí a bá pẹ́, àwọn mìíràn yóò sáré gbà á. Ìdáhùn mi kò gùn. Báńkì ní owó jù wá lọ, ó sì mọ ìṣirò jù wá lọ. Bí èrè inú rẹ̀ bá dájú tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí báńkì kò fi parí rẹ̀, tí wọ́n fi wá ń wá owó awakọ̀ àti ti àwọn obìnrin tí ń di ọjà? Àwọn mìíràn ní a fẹ́ dí ìdàgbàsókè ìlú lọ́wọ́. Rárá o. Ẹni tí ó bá ní ilé tòótọ́, tí ìwé rẹ̀ pé, tí kò jẹ òṣìṣẹ́ lówó, ohun márùn-ún tí mo kà yìí kò ní gbà á ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá bínú nítorí ìbéèrè, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ méjì ni ó kù kí a dìbò. Iṣẹ́ wà fún olúkúlùkù kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí aládùúgbò tí ó ṣiṣẹ́ lórí ilé náà rí, kí ó bi í léèrè: ìgbà wo ni wọ́n sanwó rẹ̀ gbẹ̀yìn, èló ni ó kù lọ́wọ́ wọn? Ẹ mú orúkọ àti iye náà wá fún Akọ̀wé. A ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, a ó sì kà á ní gbangba ní ọjọ́ ìdìbò. Ìwé yẹn ni kí a fi ṣe ẹlẹ́gbẹ́ ìwé aláwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Nígbà tí ẹ bá ti rí méjèèjì, ẹ ó mọ ibi tí ẹ ó tẹ ìka sí.

Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Bí olúkúlùkù bá dá lọ san tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀, wọn yóò gbà á, wọn kò sì ní dáhùn ìbéèrè kankan. Bí a bá lọ pọ̀, wọ́n ní láti dáhùn.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú ká, owó wa kò ní ṣègbé.